Oníbàárà Tó Kọ̀yìn sí Ṣọ́ọ̀bù

Àtìní, 7/4

Mo tún ra ìwé tuntun. Mọ́rìlíátù rí i lábíyá mi bí mo ṣe wọlé, ó ní, "Bàbá Nùsáybà, iṣẹ́ wo lẹ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Mo ní kì í ṣe iṣẹ́ tuntun, géèmù yẹn náà ni. Ó ní ó dáa, pé òun kàn ń bèèrè ni, kóun lè mọ̀ bóyá kóun tò ó mọ́ ìwé àwọn awó tàbí mọ́ ìwé ẹ̀rọ fọ́tò. Ó wá bu omi tútù fún mi, ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Bí ìyàwó mi ṣe rí nìyẹn, ó ń ránṣọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gún ni lábẹ́rẹ́ tí wọ́n tún ń fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Mo ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Mo ti sin awó, mo ti ya fọ́tò, mo ti ta yìnyín, kò sí èyí tó gbó lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mi ò tíì já sílẹ̀ ni aṣọ tí mò ń bá Alhájì Bùkárì, àbúrò bàbá mi, tà ní ọjà Maourey níbí, nílẹ̀ àwọn Zarma, láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán. Bóyá torí pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tèmi ni mi ò ṣe rí i já sílẹ̀.

Géèmù yìí yàtọ̀. Bí mo ṣe sọ nípa àwọn awó náà nìyẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, mo sì ti ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní Wadata. Ẹni tó bá ń fi géèmù mi ṣeré, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Oníbàárà á wọlé, á dá iye tirẹ̀, ọlọ́jà náà á dá tirẹ̀, títí tí yóò fi rà á tàbí tí yóò fi máa lọ. Boubacar, ará ibí kan tó ní ilé àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Lamordé, ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ṣe géèmù gbé e wá lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀. Àwọn tí wọ́n bá mú á rí tábìlì àti iná oòrùn lò níbẹ̀ láràárọ̀, wọ́n á sì bá wọn wá ilé-iṣẹ́ fóònù tí yóò bá wọn ta géèmù wọn. Mo fẹ́ tábìlì yẹn. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ lọ́la pé mi ò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀.

Màngòró ti pọ̀, mẹ́rin ní dálà ogún, ìyẹn ọgọ́rùn-ún sẹ́fà.

Àlàmísì, 10/4

Ìgbà tí a bá tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, tí Alhájì relé lọ jẹun, tí gbogbo Maourey sùn nítorí oòrùn, ìgbà yẹn ni tèmi. Mo ti sọ fún Alhájì pé màá máa ṣọ́ ọjà. Orí pákó tí a fi dé ìkòkò omi ni mò ń gbé kọ̀ǹpútà lé, ibẹ̀ nìkan ló tutù nínú ṣọ́ọ̀bù. Lónìí ooru borí ìkòkò náà. Kọ̀ǹpútà kú lójijì, iṣẹ́ àná àti tòní bá a lọ. Mo jókòó tì í, mò ń fi páálí fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tó ní ibà. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé bá mi, kí ni ǹ bá wí?

Jímọ̀, 18/4

Nùsáybà ló ń ya àwòrán fún mi. Ilé-ìwé Faransé ló ń lọ, ìhín ni a bí i sí, Yorùbá rẹ̀ dà bí ọ̀nà tó ní kòtò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan yà. Mo fi oníbàárà tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ yà hàn án. Ó wò ó pẹ́.

"Papa, franchement, ká sòótọ́, obìnrin yìí dà bíi yín tí ẹ wé gèlè."

Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ wá wò ó, ó ní, "Rárá o, ti ọkọ mi ṣì sàn díẹ̀."

Nùsáybà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Èyí tó yà lẹ́wà. Ó yà á bó ṣe ń bọ̀, ó yà á bó ṣe ń fọwọ́ kan aṣọ, ó tún yà á bó ṣe kọ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù tó ń lọ, tó ń kéré sí i lójú ọ̀nà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ìró rẹ̀. Mo bi í níbo ló ti rí ìrìn yẹn. Ó ní ti màámá òun ni, nígbà tí mo bá mú un bínú.

Àtàláátà, 22/4

Alhájì pè mí sẹ́yìn káńtà.

"Jàfárù, mo ti gba ṣọ́ọ̀bù ní ìlú Maradi lọ́hùn-ún. Bí a bá ti ṣe iléyá tán, ìwọ ni wàá lọ jókòó síbẹ̀. Mú ìyàwó àtọmọ rẹ dání. Àgbà ti ń dé, kí ojú mi rí i pé mo fi ẹ síbìkan."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Kí ni ǹ bá tún wí? Àwọn ló wọkọ̀ lọ gbé mi wá. Àwọn ló san owó orí ìyàwó mi. Tí mo bá ta awó nù, tí mo ba ẹ̀rọ fọ́tò jẹ́, inú ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo máa ń padà sí, wọn ò sì fìgbà kan bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀.

Mo délé, mo sọ ọ́. Mọ́rìlíátù gé òwú pẹ̀lú eyín.

"Kí lẹ wá wí fún wọn?"

"Mo ní ẹ ṣé."

"Ẹ ṣé ti pé ẹ gbà ni, àbí ẹ ṣé ti kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rò ó?"

"Ẹ ṣé ti ẹ̀rù ń bà mí."

Ó ní òun mọ ìyẹn náà. Ó ní òun lè ránṣọ ní Maradi, òun sì lè ránṣọ níbí, kí n má fi òun ṣe àwáwí. Kò sí tábìlì ní Maradi, kò sí Boubacar.

Àìkú, 27/4

Kò sí iná láti àná. Gbàgede la sùn. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Àlàrùbá, 30/4

Géèmù ń fẹ́ ohùn. Mo gba tèmi sílẹ̀, ó dà bíi ti ẹni tó ń kéde òkú. Nùsáybà dán tirẹ̀ wò, ó ń rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀rọ̀.

Lónìí obìnrin kan wọlé, ó dúró lókèèrè, ó ń fojú wo aṣọ gíní. Alhájì ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà, ìbáà gbọ́ Yorùbá ìbáà má gbọ́ ọ. Wọ́n rọra tú aṣọ náà sílẹ̀ lórí káńtà, wọ́n ní, "Fọwọ́ kàn án ná. Ojú kì í ra aṣọ, ọwọ́ ní í rà á." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń tikùn wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wá túmọ̀ rẹ̀ sí Zarma fún un. Ó rà á.

Kí obìnrin yẹn tó wọlé ni mo ti tan fóònù, mo ti tì í sábẹ́ gíní tó wà lórí káńtà. Mo gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò tọrọ. Bí mo bá tọrọ, mo ní láti sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, bí mo bá sì sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ọ̀rọ̀ á kan Maradi. Ohùn náà ti wà nínú géèmù báyìí. Ó dùn débi pé ojú ń tì mí.

Sátidé, 3/5

Caroline tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú nítòsí wa, ọmọ Iléṣà, oníwàásù ni nílé ìjọsìn wọn, aláwàdà sì ni lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo gbé géèmù sínú fóònù rẹ̀ pé kó bá mi dán an wò, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí Alhájì gbọ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà lọ, "O PÀDÁNÙ" jáde ní pupa. Ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó dáa, Brọ̀dá Jàfárù."

"Tún un ṣe."

"Ó ti tó. Ẹ kú iṣẹ́."

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀. Obìnrin yẹn kàn dìde lọ ni. Àwọn tó ń já mi jù sílẹ̀ ní gbangba ti pọ̀ tó, mi ò nílò ti inú fóònù."

Bí Mọ́rìlíátù ṣe ṣe náà nìyẹn. Bí àwọn ọ̀rẹ́ Nùsáybà ṣe ṣe nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú kí oníbàárà máa gbà kíákíá, ó wá rọrùn bí ẹní mu omi, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó kù. Ọjọ́ ìfihàn ti ń sún mọ́lé.

Àtìní, 5/5

Mo sọ fún Mọ́rìlíátù pé mo fẹ́ fi géèmù sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹun ná." Mo jẹun. Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, èmi náà ò dá a sílẹ̀.

Jímọ̀, 9/5

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

A ti kírun Jímọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Mò ń ká gíní funfun, Alhájì jókòó sórí àga wọn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà Caroline nìyẹn: "Fọwọ́ kàn án ná. Ojú kì í ra aṣọ, ọwọ́ ní í rà á." Ẹ̀rín wá tẹ̀ lé e.

Alhájì wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹlòmíì wà níbẹ̀. Wọ́n wá wò mí.

"Jàfárù."

"Bàbá."

"Ta ló ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀ níta?"

Kí n tó dáhùn, Caroline ti yọjú pẹ̀lú fóònù. Ó ti gbàgbé pé mo bẹ òun. "Alhájì, ẹ̀yin náà ni. Ẹ ti wọnú fóònù, ẹ sì ń tajà níbẹ̀ ju ti ibí lọ."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Gíní wà lọ́wọ́ rẹ. Má fi nulẹ̀." Mo dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gíní láyà bí ọmọ ìkókó. Mo sọ gbogbo rẹ̀: géèmù, kọ̀ǹpútà lórí ìkòkò, Lamordé. Tábìlì nìkan ni mi ò sọ. Wọ́n nawọ́ sí Caroline.

"Gbé e wá. Níbo ni mo máa tẹ̀?"

Ó fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé fóònù jìnnà sójú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń yẹ ẹyin wò. Oníbàárà dá iye tirẹ̀. Alhájì pòṣé. "Èyí ò mọyì aṣọ." Wọ́n dá tiwọn. Ó tún dá tirẹ̀. Wọn ò gbà. Ó kọ̀yìn, ó ń lọ. Pupa jáde.

"Kí ló kọ?"

"Ó ní ẹ pàdánù, Bàbá."

"Ta ló pàdánù?"

"Oníbàárà ti lọ."

"Lọ síbo? Ẹ̀yìn rẹ̀ nìyí. Mò ń wò ó." Lóòótọ́ ni, àwòrán Nùsáybà ṣì ń lọ lábẹ́ pupa náà, ó ń kéré sí i. "Níbo ni kí n tẹ̀ kí n fi pè é?"

"Kò síbẹ̀, Bàbá."

"Kò síbẹ̀?" Wọ́n sọ̀ fóònù sílẹ̀ lórí itan. "Ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi lo ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ṣé o ti rí mi rí kí n wo oníbàárà títí tó fi lọ kí n má pè é?"

"Rárá, Bàbá."

"Wo ìrìn rẹ̀. Obìnrin tó ń lọ tòótọ́ kì í rìn báyẹn. Èyí ń retí ẹni tí yóò pe òun."

Caroline ní, "Ẹ wò ó, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, mi ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni."

Èmi tí mò ń pe oníbàárà padà lójoojúmọ́ títí ọ̀fun mi fi ń gbẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó inú fóònù ni mo ti kọ́ géèmù, níbi tí ẹni tó bá pàdánù ti pàdánù, mo sì ṣe ṣọ́ọ̀bù mi bíi ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lẹ iye mọ́ ọjà lára. Mo ta aṣọ nínú rẹ̀, mi ò ná ọjà dópin.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo sún mọ́ wọn. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ohùn yẹn..."

"Oníbàárà wà lẹ́nu ọ̀nà," wọ́n ní. Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àtìní, 12/5

Alhájì ò relé lọ́sàn-án. Wọ́n ní káwọn ará ilé gbé oúnjẹ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ní kí n jókòó tì wọ́n ká jọ jẹ ẹ́. Nígbà tí a wẹwọ́ tán, wọ́n ní, "Tan nǹkan rẹ."

Bí wọ́n ṣe wí nìyí, mo kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé. Bó o bá pe oníbàárà ní kété tó yíjú, ó mọ̀ pé ebi ń pa ẹ́. Bó o bá pẹ́ jù, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, ìtìjú ò ní jẹ́ kó padà. Jẹ́ kó rìn títí tí òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá o ò ní pe òun. Ìgbà yẹn ni kó o pè é. Bó bá mú ọkọ dání, ọkọ ni kó o pè. Bó bá jẹ́ agbéraga, má pè é pé kó wá rajà, sọ pé ó gbàgbé nǹkan. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, dìde dúró kó o tó pè é.

Wọ́n wá pe àwọn oníbàárà lóríṣiríṣi, ní Hausa, ní Zarma, ní Yorùbá, pé kí wọ́n padà wá. "Hajiya, dawo mana." "Kaa ne." "Ìyá Ìbejì, ẹ padà wá, ẹnu ò bá ìjà wá." Kò sí oníbàárà kankan níta, oòrùn nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń na ọrùn wo ojú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń pè. Mò ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sùn sórí ìdì àtàmpà, àǹkárá àwọn ará ibí, wọ́n ń han-an-run. Ìyẹn náà wọnú rẹ̀. Mi ò pa á rẹ́. Mo ti fi sí apá ibi tí ọ̀sán bá kan ṣọ́ọ̀bù inú géèmù.

Nípa ohùn tí mo kọ́kọ́ mú, wọn ò wí nǹkan kan. Mo tún gbìyànjú. Wọ́n ní kí n bu omi fún wọn.

Àlàmísì, 15/5

Ìrẹsì jóná nílé wa, inú mi sì dùn.

Mọ́rìlíátù ló ní òun fẹ́ wo bí géèmù ṣe dà lẹ́yìn tí mo ti fi ibi ìpè sí i. Ó jókòó ti ìkòkò, ó ń pe oníbàárà. Ó yá jù, obìnrin náà wo ẹ̀yìn, ó fi í rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Ó tún un ṣe. Ó tún yá jù. Èéfín ti ń jáde, Nùsáybà ń pariwo láti yàrá, kò dá a lóhùn. Nígbà tó fi máa mọ ọ́n pè, tí oníbàárà padà wá, ó yọ bí ẹni pé wọ́n ra aṣọ tóun rán.

A jẹ ìrẹsì náà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń pẹ́ pè. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo bínú jáde ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tá ò tíì fẹ́ra?"

"Mo rò pé o ti lọ pátápátá ni."

"Mo dúró ní kọ̀rọ̀. Mo tún bàtà mi so, mo tún un tú. Ẹ ò pè."

"Ẹ̀yìn rẹ ni mo rí."

"Ẹ̀yìn mi lẹ rí, ẹ ò wo ẹsẹ̀ mi."

"Ta ló wá pè ọ́ padà nígbà náà?" Mo ti rò pé òun fúnra rẹ̀ ló padà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti rò bẹ́ẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Alhájì ni. Wọ́n ní mo gbàgbé nǹkan."

Àlàrùbá, 21/5

Ọjà iléyá ti gbóná. Àwọn èèyàn ń dúró títí dé ojú títì. Apá mi wú pẹ̀lú gígé aṣọ. Àgbò ti gbówó lórí, ẹni tó bá bèèrè á kàn mi orí ni.

Alhájì bi mí bóyá mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ fún Maradi. Mo ní a ti ń wò ó. Irọ́ ni. Mo wá tọrọ ààyè ní Sátidé. Wọ́n wo èrò tó kún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wò mí. "Lọ. Ṣùgbọ́n jẹun kó o tó lọ, kí ohùn rẹ má baà máa gbọ̀n."

Sátidé, 24/5

Mo wọ tasí elérò púpọ̀ sọdá afárá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láyà. Gbogbo àwọn tó wà ní Lamordé, ọmọ bíbí inú mi ni wọ́n lè jẹ́. Ọ̀kan rò pé èmi ni mo wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó sì tọ́ka ibi tó wà fún mi. Mo lọ wò ó, kí n má baà dójú tì í. Mo fẹ́ gba ibẹ̀ relé.

Géèmù wọn ń tàn bí ọjọ́ ọdún, ọkọ̀ òfurufú, ìbọn, bọ́ọ̀lù. Nígbà tó kàn mí, mo ṣí tèmi. Ọmọbìnrin kan jókòó sí i. Oníbàárà lọ. Ó pè é, ó ti pẹ́ jù. Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Pè é kíá!" Ẹlòmíì ní kó má pè é, kó dúró, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n ti yí tábìlì náà ká, wọ́n ń fi Zarma, Hausa àti Faransé pe obìnrin tí ọmọ mi yà. Bí ó ṣe yíjú padà, ilé náà hó. Ohùn Alhájì ní kó fọwọ́ kàn án ná. Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i.

Wọn ò mú mi ṣe èkíní. Oníbọ́ọ̀lù ni wọ́n mú. Ṣùgbọ́n Boubacar pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Tonton Jàfárù, tábìlì kan wà fún ọ. Ó kéré tán, àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀. Bó bá dín sí ìyẹn, mo ní láti fún ẹlòmíì."

Mo sọ fún Mọ́rìlíátù àti Nùsáybà. Wọ́n dì mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mi ò tíì sọ fún Alhájì.

Àlàmísì, 5/6

Aṣọ tán lórí àtẹ, ẹsẹ̀ mi wú. Òjò díẹ̀ ta sílẹ̀ lóru àná, ó pa eruku. Ọ̀la ni iléyá. Alhájì fún wa ní àgbò kan, ó tóbi ju èyí tí wọ́n rà fún ara wọn lọ. Báwo lèèyàn ṣe ń jẹ àgbò ẹni tí òun fẹ́ já kulẹ̀?

Àtìní, 9/6

Kí àwọn oníbàárà tó dé ni mo sọ ọ́. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ilé, gbogbo rẹ̀ sá kúrò lẹ́nu mi.

"Bàbá, mi ò ní lè lọ sí Maradi. Wọ́n fún mi ní tábìlì ní Lamordé. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ síbẹ̀ láràárọ̀, kí n máa wá síbí láti ọ̀sán."

Wọn ò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ká àtàmpà tó wà níwájú wọn, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, wọ́n gbé e sórí àtẹ.

"Mi ò nírú ẹ̀ níbí," wọ́n ní. "Bó bá wà níbòmíì, lọ rà á."

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kalẹ̀ lórí káńtà. Mo jáde. Caroline ń to bọ́tìnnì, ó kí mi, mo ń lọ. Mò ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ nílé, pé mo tún ti já iṣẹ́ kan sílẹ̀, pé èyí tó tiẹ̀ gbó lọ́wọ́ mi ni mo já sílẹ̀ báyìí. Mò ń rọra rìn. Mi ò lè sọ bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo dé ọ̀dọ̀ oníṣáì tó ń se tíì lójú ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọn ò ní pè mí.

"Jàfárù."

Mi ò yíjú. Ẹni tó bá yíjú ní ìpè àkọ́kọ́ ti gbà láti san gbogbo rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn náà ni mo ti kọ́ ọ.

"Jàfárù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, o gbàgbé nǹkan."

Gbogbo Maourey ló gbọ́. Oníṣáì gan-an gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀. Mo padà. Wọ́n ti fa àpótí oníbàárà síwájú káńtà, wọ́n ní kí n jókòó.

"Kí lo ní o fẹ́?"

"Àárọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀, Bàbá."

"Ẹyọ kan."

"Mẹ́rin."

"Méjì. O fẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn fúnra mi bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́?"

"Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án ná."

Wọ́n gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ikùn wọn ti ń mì. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ẹ̀rín dúró, wọ́n nu ojú wọn.

"Mẹ́ta. Oṣù iléyá, gbogbo àárọ̀ rẹ̀ tèmi ni. Ẹni tó máa lọ sí Maradi, ìwọ lo máa wá a, ìwọ lo máa kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà."

"Mo gbà."

"Ó bọ́ sí i. Mú un lọ."

Mo dìde. Mi ò mọ ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu.

"Èènì mi ńkọ́, Bàbá?"

Wọ́n wo àtẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wá ohun tí yóò fi fúnni. Wọ́n wá gbé kọ́kọ́rọ́ lórí káńtà, wọ́n nà án sí mi.

"Ohùn mi," wọ́n ní. "Èyí tó o mú lábẹ́ gíní lọ́jọ́ yẹn, tó o rò pé mi ò rí iná fóònù. Mo fi ṣe èènì."